Abọ́ Iyọ̀ Tó Dojú Dé

Dírẹ́bà ò kí ẹnikẹ́ni. Ó fi èjìká ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ilé búrẹ́dì, ó gbé àpótí kan kalẹ̀ gbì, ó tún jáde lọ gbé òmíràn. Àwọn àpótí tó kó jáde láàárọ̀, tí búrẹ́dì inú wọn ṣì gbóná tó ń ta sánsán, àwọn náà ló ń kó padà wọlé yìí. Búrẹ́dì inú wọn ò dín. Díẹ̀ péré ni wọ́n bù jẹ, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, tí wọ́n sì jù padà sínú àpótí tòun ti ojú eyín lára wọn.

Ọ̀gá Kékeré gbé páànù tó ń nù sílẹ̀. Kì í ṣe pé obìnrin yìí kéré o. Ó sígbọnlẹ̀, ó máa ń bẹ̀rẹ̀ ni kó tó lè gba ẹnu ọ̀nà sítọ́ọ̀ wọlé. Bàbá rẹ̀ ló jẹ́ ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ níbẹ̀ kó tó kàn án, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi kékeré kún tirẹ̀, orúkọ náà sì ti mọ́ ọn lára. Ó bi Dírẹ́bà pé kí ló dé. Dírẹ́bà ya búrẹ́dì kan sí méjì, ó na ìdajì sí i.

Ó fi í sẹ́nu. Kò tíì rún un tán tó fi tu ú sọ́wọ́.

Iyọ̀ já a. Ẹ má rò pé èyí téèyàn á fi omi gbé mì lásán ni mò ń wí. Iyọ̀ tó ń ta ahọ́n, tó ń fún ẹ̀rẹ̀kẹ́ mọ́ra, tí omijé á fi lé sójú ẹni tó jẹ ẹ́.

Ìgbà náà ni Dírẹ́bà tó wá sọ̀rọ̀. Ó ní ọ̀gá ilé ìdáná ọsibítù ló ní kóun kó gbogbo rẹ̀ padà, lójú àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn tó ń nulẹ̀. Obìnrin náà ò pariwo lé òun lórí. Ká ní ó pariwo ni, ì bá sàn.

"Ó ní kí n bi yín bóyá ẹ mọ irú àwọn tó ń jẹ búrẹ́dì yín," Dírẹ́bà sọ fún un. "Àwọn tí dókítà ní iyọ̀ ò gbọdọ̀ pọ̀ nínú oúnjẹ wọn. Àwọn ni mo gbé eléyìí lọ fún, Ọ̀gá."

Kò pẹ́ tí fóònù fi dún. Màdáámù tó ni ilé búrẹ́dì ni, kì í sì í pè lọ́sàn-án bí kò bá sí nǹkan. Ó ní ọsibítù fún àwọn láyè kan péré: kí búrẹ́dì mìíràn dé kí wọ́n tó pín oúnjẹ alẹ́ fáwọn aláìsàn. Bí kò bá dé, tàbí bó bá tún rí bíi tàárọ̀, kí àwọn má yọjú sí wọn mọ́ láé. Ọsibítù yìí ló ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń ṣe. Bó bá fi lè bọ́ lọ, kí oníkálùkù wọn yáa lọ wáṣẹ́ síbòmíràn. Ó wá sọ èyí tó kù.

"Ẹni tó ba búrẹ́dì yẹn jẹ́, mi ò fẹ́ bá a níbẹ̀ lọ́la. Ìwọ ni ọ̀gá wọn. Wádìí ẹ̀, kó o sọ fún mi."

Ọ̀gá Kékeré ní ó ti gbọ́ mà. Ó ti fóònù bọ àpò. Kò sí nǹkan kan tó fẹ́ wádìí. Òun ni.

Ẹ jẹ́ n tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀, torí ó lọ́ díẹ̀.

Bàbá rẹ̀, Bàbá Ọpọ́n ni gbogbo wọn ń pè é. Kí wọ́n tó ra ẹ̀rọ, inú ọpọ́n igi gbọọrọ kan ló ti ń fi ọwọ́ méjèèjì po fúláwà. Á máa po, á máa súfèé, òógùn á bo ọrùn rẹ̀, ẹ̀kán kan ò sì ní kán sínú ọpọ́n. Òun ló kọ́ gbogbo wọn níṣẹ́. Òun náà ló dá òfin abọ́ sílẹ̀. Abọ́ iyọ̀ aláwọ̀ búlúù kan wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Ẹni tó ń po fúláwà á bu iyọ̀ kún un dọ́gba, á dà á sínú ẹ̀rọ, á wá dojú abọ́ náà dé sórí tábìlì. Ariwo ẹ̀rọ kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohùn ara ẹni, abọ́ ló ń bá wọn sọ̀rọ̀. Bó bá ṣíjú sókè, iyọ̀ ò tíì wọlé. Bó bá dojú dé, ó ti wọlé, kẹ́nikẹ́ni má béèrè mọ́.

Òfin kejì ni wọ́n fẹ́ràn jù. Níbi tí Bàbá Ọpọ́n ti kọ́ṣẹ́ nígbà èwe rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ a máa pe gbogbo èèyàn jọ láti wá wo àṣìṣe rẹ̀, wọ́n á fi í rẹ́rìn-ín títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ó búra pé bóun bá di ọ̀gá, ojú ò ní ti ẹnikẹ́ni lábẹ́ òun. Ohun tó ń sọ fún wọn ò ju èyí lọ: bó o bá rí àṣìṣe ẹnìkejì rẹ, bá a tún un ṣe, kó o sì gbé ẹnu ẹ sọ́hùn-ún. Oníná tó ń ṣọ́ ààrò sùn lọ lọ́jọ́ kan, odindi ààrò búrẹ́dì jó di èédú. Nígbà tó fi máa jí, Bàbá Ọpọ́n ti po òmíràn, ó ti ń tò ó sí páànù, ó ní kó lọ bọ́jú kó wá bá òun gbé e. Kò sọ ọ́ fún Màdáámù, kò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ rí títí dòní. Ẹ wá sọ fún mi, ta ló máa rí irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ tí kò ní kú tì í?

Nígbà tí ara rẹ̀ ò gbé e tó bíi tàtẹ̀yìnwá mọ́, òun fúnra rẹ̀ ló lọ bá Màdáámù pé kó gbé ipò ọ̀gá fún ọmọ òun, kóun máa po fúláwà òun jẹ́jẹ́. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti wọ ibi iṣẹ́, kì í pè é lọ́mọ mọ́. Ọ̀gá ló ń pè é. Á tilẹ̀ tún fi ẹ̀fẹ̀ tẹrí ba fún un lẹ́nu ọ̀nà, gbogbo wọn á sì rẹ́rìn-ín.

Ìgbàgbé ò wọlé sí Bàbá lójijì. Ó kọ́kọ́ jẹ́ kọ́kọ́rọ́ ilé. Ó di pé ó ń fi orúkọ ẹni tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀ tipẹ́ pe Oníná, Oníná sì ń jẹ́ ẹ. Lọ́jọ́ kan nígbà òjò, Ọ̀gá Kékeré fi ìka bu fúláwà pípò díẹ̀ tọ́ wò, ó rí i pé ó tẹ́. Abọ́ sì rèé lórí tábìlì, ó dojú dé. Bàbá rẹ̀ ti dojú abọ́ dé láì da nǹkan kan sínú ẹ̀rọ. Ó dúró títí bàbá fi lọ fọwọ́ níbi ẹ̀rọ omi tó wà níta, ó bu iyọ̀ sí i, ó gbé ẹnu ẹ̀ sọ́hùn-ún. Ó tún rí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kejì, àti lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Nígbà tó yá, kò tọ́ ọ wò mọ́, torí bàbá ká a mọ́ ibi tó ti ń fi ìka sẹ́nu. Ó ní, Ọ̀gá, ṣé ẹ̀ ń yẹ iṣẹ́ mi wò ni? Ó fi ṣẹ̀rín, ṣùgbọ́n gbogbo ọjọ́ náà ni kò súfèé. Láti ìgbà náà, bí bàbá bá ti jáde lọ fọwọ́, Ọ̀gá Kékeré á kàn bu iyọ̀ sí i ni.

Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Ìgbà kan tí Oníná fẹ́ sọ pé ó dà bíi pé Bàbá ń gbàgbé nǹkan, ó wò ó lójú kan báyìí, Oníná sì gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ mì. Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ yẹn ò wáyé mọ́ nínú ilé búrẹ́dì.

Láàárọ̀ òní wá ni ọkọ̀ tó ń kó fúláwà wá dé ṣáájú àkókò. Ọ̀gá Kékeré ló ń gbà á lọ́wọ́ wọn lẹ́nu géètì, ọkàn rẹ̀ ò sì sí níbẹ̀ rárá. Ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ẹ̀rọ. Nígbà tó fi máa sáré wọlé, bàbá ti wà níta níbi omi, abọ́ ti dojú dé bó ṣe máa ń dojú dé. Ó bu iyọ̀ pẹ̀lú ìkánjú, ó dà á sí i, ó padà síta. Ìkánjú yẹn ló wá ń rò báyìí. Ó ní bóyá òun bù ú jù, bóyá ọwọ́ òun gbọ̀n.

Ó wọ inú sítọ́ọ̀, ó jókòó lé àpò fúláwà. Bó bá sọ fún Màdáámù pé òun ni, òun lọ nìyẹn. Bóun bá sì lọ, ta ni yóò máa bu iyọ̀ fún bàbá? Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àṣírí á tú, wọ́n á sì ní kó máa lọ sílé. Kí ni yóò wá máa ṣe nílé? Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Bàbá ti gbàgbé ọ̀nà ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó gbàgbé ohun tó jẹ láàárọ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti dúró ti ẹ̀rọ yẹn, ọwọ́ rẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe. Ibẹ̀ nìkan ló kù tó ti jẹ́ ara rẹ̀. Bó bá sì sọ pé bàbá ni, a jẹ́ pé òun fi ọwọ́ ara òun tì í síta nìyẹn.

Ibi tó ti ń rò ó ni Ìyá Páànù ti wọlé wá. Ìyá Páànù ló ń gé fúláwà pípò, òun ló ń tẹ̀ ẹ́ sínú páànù. Ó dàgbà ju Ọ̀gá Kékeré lọ dáadáa, ọwọ́ rẹ̀ ni Ọ̀gá Kékeré ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi òróró pa páànù nígbà tó ṣì wà lọ́mọdébìnrin. Ó ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn ara rẹ̀.

"Èmi ni," ó ní. "Má wulẹ̀ da ara ẹ láàmú. Èmi ni mo bu iyọ̀ sí i."

Ó ṣàlàyé fún un wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ó ní ó pẹ́ tóun ti ń rí i tó ń bá Bàbá bu iyọ̀, òun kàn ń ṣe bí ẹni tí kò rí i ni. Láàárọ̀ òní, òun rí i pé géètì ló wà, òun ní bí ẹnì kan ò bá ṣe é, búrẹ́dì á tẹ́, Bàbá á sì tẹ́. Ló bá bu ú. Ọ̀gá Kékeré ń wo obìnrin náà ṣáá, ojú ń tì í pé gbogbo ohun tóun rò pé òun fi pamọ́, gbangba ló wà.

Ilẹ̀kùn tún ṣí. Oníná ni, òógùn ààrò ṣì wà lójú rẹ̀. Bó ṣe rí Ìyá Páànù níbẹ̀, ó fẹ́ padà, Ọ̀gá Kékeré ní kó wọlé. Ó wọlé, ó ń yí fìlà po lọ́wọ́. Ó ní kóun tó sọ̀rọ̀, kí wọ́n forí jì òun. Ó ní òun gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ wọlé láàárọ̀, òun ò bá ẹnì kankan nídìí ẹ̀rọ, Bàbá ń fọwọ́, Ọ̀gá sì wà lọ́dọ̀ àwọn oní-fúláwà. Òun náà mọ̀ nípa iyọ̀ látọjọ́ yìí. Gbèsè búrẹ́dì tó jó lọ́jọ́sí ṣì wà lọ́rùn òun, òun ò sì rí bóun ṣe fẹ́ san án fún Bàbá, lòun náà bá bu iyọ̀ sí i. Ó ní nígbà tí búrẹ́dì ò wú dáadáa nínú ààrò, òun rò pé òtútù ni.

Wọ́n wo ara wọn, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nínú yàrá kótópó yẹn. Ẹ̀rín kọ́kọ́ fẹ́ pa Ìyá Páànù. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, ìgbà tó sì gbé ọwọ́ kúrò, ẹkún ló ń sun. Àwọn tó ń jẹun láti inú páànù kan náà, tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ kọ lu ara wọn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, kò sẹ́nìkan nínú wọn tó lè sọ fún ẹnìkejì pé, mo ti bu iyọ̀ sí i. Ọ̀gá Kékeré mọ ohun tó fà á. Ojú kan tóun wo Oníná lọ́jọ́ yẹn ni.

Ó ń gbìyànjú láti sọ fún wọn pé kí wọ́n jẹ́ kóun gbé gbogbo rẹ̀ lé orí ara òun, nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ẹnì kan ń jẹ nǹkan lẹ́nu ọ̀nà.

Bàbá Ọpọ́n ni. Ó mú ìdajì búrẹ́dì lọ́wọ́, ó ń rún un jẹ́jẹ́, ó dijú. Kò tu ú. Ó gbé e mì, ó fi ahọ́n lá ètè rẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tó ń kọ́ wọn.

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin," ó ní. "Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni iyọ̀ wọnú èyí. Èmi kan. Ta ni mẹ́ta tó kù?"

Ọ̀gá Kékeré ka ara rẹ̀, ó ka Ìyá Páànù, ó ka Oníná. Bàbá ti rántí. Lẹ́yìn gbogbo àkókò yìí, òní yìí ni bàbá rántí, ó bu iyọ̀ rẹ̀ dọ́gba, ó dà á sí i, ó dojú abọ́ dé bó ṣe yẹ, ó sì lọ fọwọ́ bí ẹni tó ṣiṣẹ́ rẹ̀ tán. Gbogbo wọn ló rí abọ́ náà. Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́.

"Mo dojú abọ́ dé," bàbá wí. Kò bínú. Ó ń wò wọ́n níkọ̀ọ̀kan. "Àbí ẹ ò rí i ni?"

Oníná wo ilẹ̀. Ìyá Páànù ní, "A rí i, Bàbá."

Ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń yé e. Ẹ̀yin náà tí ẹ bá ti rí àgbàlagbà níbi tí nǹkan ti ń yé e tí kò sì fẹ́ kó yé òun, ẹ ó mọ bí ojú rẹ̀ ṣe rí. Ó gbé búrẹ́dì náà lé orí àpò. Ó gbọn èérún kúrò lọ́wọ́. Ó wá kọjú sí ọmọ rẹ̀.

"Láti ìgbà wo?"

Ọ̀gá Kékeré kọjú sí Ìyá Páànù.

"Ọ̀gá, ẹ̀yin ni mò ń bi."

Irọ́ ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ó fẹ́ sọ pé òní nìkan ni, pé àṣìṣe lásán ni. Irọ́ tó rọrùn ni, irọ́ tí bàbá náà ì bá pa fún ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ó wo Oníná àti Ìyá Páànù tí wọ́n ń wò ó, ó rí i pé bóun bá pa irọ́ yìí, àwọn náà á bá òun gbé e, wọ́n á sì tún máa gbé e kiri lẹ́yìn ara wọn.

"Láti ìgbà òjò, Bàbá," ó ní.

Bàbá mi orí. Ó ní, ìgbà òjò. Ó jáde nínú sítọ́ọ̀, wọ́n tẹ̀ lé e. Ó lọ síbi ẹ̀rọ. Abọ́ búlúù náà ṣì wà lórí tábìlì bó ṣe fi í sílẹ̀. Ó gbé e, ó ṣí i sókè, ó wo inú rẹ̀ títí, kò sì sí nǹkan kan nínú rẹ̀ tó yẹ kéèyàn máa wò bẹ́ẹ̀. Ó ní èmi ni mo kọ́ yín o. Èmi ni mo ní kẹ́ ẹ máa dákẹ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀.

Fóònù dún. Ọ̀gá Kékeré gbé e níwájú gbogbo wọn, kò bọ́ sí kọ̀rọ̀. Ó sọ fún Màdáámù pé ẹni mẹ́rin ló bu iyọ̀ sí i, òun wà nínú wọn, bàbá òun náà wà nínú wọn. Ó ní bàbá òun ń gbàgbé, òun ti mọ̀, òun ló sì fi í pamọ́. Kò sẹ́ni tó fẹ́ ba iṣẹ́ jẹ́. Oníkálùkù ló ń bo ẹnìkejì láṣìírí, òun tóun jẹ́ ọ̀gá ni ò jẹ́ kí wọ́n lè bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bí Màdáámù bá fẹ́ lé èèyàn, òun ni kó lé.

Nígbà tí Màdáámù fèsì, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. Òun náà ti jẹ búrẹ́dì ọwọ́ Bàbá Ọpọ́n láti ìgbà tí wọn ò tíì ní ju ààrò kan lọ. Ó ní òun ò ní lé ẹnikẹ́ni lónìí. Ṣùgbọ́n kí ó dá òun lóhùn ọ̀rọ̀ kan, torí àwọn aláìsàn yẹn ò ní jẹ ẹ̀bẹ̀.

"Ta ni yóò po tìrọ̀lẹ́ yìí?"

Ọ̀gá Kékeré wo bàbá rẹ̀. Bàbá ti tún aṣọ funfun iwájú rẹ̀ so, ó ti ká apá aṣọ sókè, ó dúró ti ẹ̀rọ, ó ń dúró kí wọ́n ní kó bẹ̀rẹ̀. Ohùn Màdáámù ròkè nínú fóònù, ó gbọ́ ìbéèrè náà. Ojú rẹ̀ wà lára ọmọ rẹ̀, kò sì gbé e kúrò.

Ọ̀gá Kékeré ní, "Ìyá Páànù ni, mà."

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó rọrùn láti sọ, ẹ̀mí rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a lọ. Bàbá na ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń wá ìdí okùn aṣọ iwájú rẹ̀, kò rí i tú. Okùn náà ti ta kókó. Ọ̀gá Kékeré bọ́ sẹ́yìn rẹ̀, ó fi èékánná tú u díẹ̀díẹ̀, fúláwà àtijọ́ ń ta dànù lára kókó náà. Nígbà tó tú, bàbá bọ́ aṣọ náà, ó ká a jọ, ó fi sí abẹ́ apá. Ó sọ fún Ìyá Páànù pé kó má jẹ́ kí omi gbóná jù. Ó lọ jókòó lé àpò fúláwà kan lẹ́bàá ògiri.

Wọ́n ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ ń hó, Oníná ń ko iná, Ọ̀gá Kékeré ń fi òróró pa páànù. Kó tó di pé wọ́n bẹ̀rẹ̀, ó ti sọ fún wọn pé àwọn ò lo abọ́ mọ́. Ẹni tó bá bu iyọ̀ sí i, kó pa ẹ̀rọ ná, kó pariwo rẹ̀ sókè, kí àwọn tó kù sì jẹ́ ẹ. Ojú tì wọ́n níbẹ̀rẹ̀. Ìyá Páànù pa ẹ̀rọ, ó wẹ̀yìn bí ẹni tó fẹ́ jalè.

"Mo ti bu iyọ̀ sí i o."

"A gbọ́," ni Oníná wí láti ìdí ààrò. "A gbọ́," ni Ọ̀gá Kékeré wí.

Láti orí àpò fúláwà, lẹ́yìn tí ohùn tiwọn ti lọ tán, bàbá náà ní, "A gbọ́." Ìyá Páànù ò tètè tan ẹ̀rọ padà. Ó dúró bẹ́ẹ̀ díẹ̀, ó kẹ̀yìn sí wọn.

Búrẹ́dì náà wú. Dírẹ́bà kó o lọ ní àkókò, kò sì kó nǹkan kan padà. Màdáámù fi ìṣẹ́jú kan pè láti sọ pé ọsibítù gbà á. Ó yẹ kí inú Ọ̀gá Kékeré dùn. Bí inú rẹ̀ bá dùn, kò mọ ibi tó wà.

Bàbá àti ọmọ jọ rìn lọ sílé ní ìrọ̀lẹ́, ọmọ mú bàbá lọ́wọ́ dání níbi tí wọ́n ti ń ré títì kọjá. Nígbà tí wọ́n dé, Ọ̀gá Kékeré wọ ilé ìdáná lọ wá nǹkan tí wọ́n máa jẹ. Ó ń gbọ́ ariwo omi lẹ́yìnkùlé, ó rò pé bàbá ń wẹ̀ ni. Ọkàn rẹ̀ ti ń balẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé èyí tó le jù ti kọjá, òun ti sọ ọ́ jáde lẹ́nu, bàbá sì ti gbọ́. Òun á máa mú un lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, á máa jókòó sórí àpò rẹ̀, á máa tọ́ búrẹ́dì wò fún wọn. Ahọ́n rẹ̀ ṣì mọ iṣẹ́.

Ó gbé oúnjẹ jáde. Bàbá ń ti ẹ̀yìnkùlé bọ̀, iwájú ẹ̀wù rẹ̀ tutù, inú rẹ̀ dùn, ó ń súfèé. Lẹ́yìn rẹ̀, lórí okùn, aṣọ funfun iwájú rẹ̀ ń kán omi sílẹ̀. Ó ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, ó ti nà án kó má bàa hunjọ.

"Ó máa gbẹ kílẹ̀ tó mọ́," ó ní. "Ká tètè jáde lọ́la, ọmọ mi. Fúláwà ò ní po ara ẹ̀."

Ó jókòó sídìí tábìlì, ó fa abọ́ oúnjẹ mọ́ra, ó ń wá ṣíbí.

Ọ̀gá Kékeré dúró pẹ̀lú ife omi lọ́wọ́. Ó rò ó pé òun lè dákẹ́. Bó bá di òwúrọ̀, òun á kàn gba aṣọ náà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, òun á wá ọgbọ́n kan dá. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe bẹ̀rẹ̀ nígbà òjò. Tí kò bá sì dákẹ́, á sọ ọ́ fún un nísinsìnyí, á tún sọ ọ́ láàárọ̀, á tún sọ ọ́ lọ́túnla, gbogbo ìgbà tó bá sì sọ ọ́ ni yóò máa jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ fún bàbá rẹ̀.

Ó gbé ife kalẹ̀, ó fa àga sún mọ́ ọn. Ó mú ọwọ́ rẹ̀ tí òórùn ọṣẹ ṣì wà lára rẹ̀.

"Bàbá," ó ní, "ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́."

Bàbá rẹ́rìn-ín, ó fi ẹ̀fẹ̀ tẹrí ba fún un. "Mò ń gbọ́, Ọ̀gá."